Ẹ Bi Ìyá Kẹ́mísírì: Òrùka Tó Funfun àti Ìyẹ̀fun Tó Ń Pààrọ̀ Àwọ̀

Témómítà tí mo mẹ́nu kàn lóṣù tó kọjá ló dá gbogbo èyí sílẹ̀. Lẹ́tà tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, mo sì jókòó sí ìta ilé mi ní Kémta, ní Abẹ́òkúta níbí, kà wọ́n, nítorí iná ti lọ láti àárọ̀. Márùn-ún ni mo mú. Mẹ́kúrì, irin dídán inú témómítà tó ń ṣàn bí omi, wà nínú gbogbo wọn, mẹ́kúrì àti àwọn irin mìíràn tó bá pàdé. (Mo mọ̀ pé àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi á ní kí n máa pè wọ́n ní mẹ́tà. Irin ni ìyá mi ń pe gbogbo wọn, irin náà ni n ó máa pè wọ́n, àfi ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dojú rú.)

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Kẹ́mísírì, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, Lántòrò ni mò ń gbé. Témómítà bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan, mo sì fi ọwọ́ mi gbá àwọn wóróbo dídán náà jọ kí ìyá ọmọ má bàa tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo délé, òrùka ìgbéyàwó mi ti funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni fi tánńganran kùn ún. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi kànìnkànìn ha á, kò lọ. Ọkọ mi ti ń bínú, ó ní ẹni tó ta òrùka náà fún òun ní Sápọ́n ló lu òun ní jìbìtì. Ṣé ayédèrú ni lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, sọ fún ọkọ rẹ kó fi oníwúrà sílẹ̀ ná. Ojúlówó wúrà gan-an ni mẹ́kúrì ń tètè wọ̀, torí náà funfun tí òrùka náà funfun kò sọ ọ́ di ayédèrú. Kò sì sọ ọ́ di ojúlówó o! Idẹ náà máa ń funfun bẹ́ẹ̀. Bí ìjà yín bá ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ máa jà á lọ, mẹ́kúrì kò lè jẹ́rìí gbe ẹnì kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn átọ́ọ̀mù inú irin, ìyẹn àwọn èérún tín-ín-tìn-tín tó para pọ̀ di irin, dà bí ẹgbẹ́ alájọ. Oníkálukú ń dá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù díẹ̀ (èérún tó tún kéré sí i, tó ń yí àárín átọ́ọ̀mù po) sínú àpò kan, àpò àjọni yẹn ló sì so wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń dá a dáadáa, irin wọn á le. Mẹ́kúrì wà nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n owó kì í jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ló wà ní ìta átọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì fún méjèèjì mọ́ra pinpin. Prótọ́ọ̀nù 80, àwọn èérún tó ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra, tó wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ló fà á. Wọ́n ń fa àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó sún mọ́ wọn jù débi pé eré tí wọ́n ń sá ju ìdajì ìyára ìmọ́lẹ̀ lọ. Einstein ti sọ ọ́ láti 1905 pé ohun tó bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kì í hùwà bí ohun tó rọra ń lọ: ńṣe ló ń wúwo sí i. Ìyẹn ló mú kí àyíká tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ń yí sún mọ́ àárín. Bí àwọn ti inú ṣe sún wọlé, àwọn méjì ìta náà bá wọn sún un. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí kì í bá ṣe ti eré àsápajúdé yìí, ooru tí ì bá yọ́ mẹ́kúrì ì bá fi nǹkan bíi dígírì 105 ju ti ìsinsìnyí lọ. Dípò kó yọ́ ní dígírì 39 sísàlẹ̀ òdo, ì bá jókòó gbagidi bí òjé nínú oòrùn Abẹ́òkúta yìí.

Wúrà ni aládùúgbò rẹ̀, prótọ́ọ̀nù 79. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà ní ìta tirẹ̀, àyè ẹnì kejì sì ṣófo. Bí mẹ́kúrì bá dé ọ̀dọ̀ wúrà, ohun tó fi du àwọn ará ilé rẹ̀, yóò fi fún àlejò. Ní tèmi, gbogbo ìtàn mẹ́kúrì nìyẹn. Kì í di ara rẹ̀ mú, àwọn ẹlòmíràn ló ń dì mú, ibi tí wọ́n bá sì fún un láàárín wọn ló ń pinnu ohun tí gbogbo wọn á dà.

Nígbà míì tó o bá lọ sí Kútọ̀, dúró wo bí àwọn ọlọ́sàn ṣe ń to ọsàn. Ìpele àkọ́kọ́ fara kanra. Ìpele kejì jókòó sínú kòtò tó wà láàárín ti àkọ́kọ́, ìpele kẹta tún bọ́ sínú kòtò mìíràn. Bí wúrà ṣe to ara rẹ̀ gan-an nìyẹn: ìpele kẹrin ló ń padà wá dúró ṣánṣán lókè ìpele kìn-ín-ní, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan sì ní aládùúgbò 12. Bí mẹ́kúrì bá kọ́kọ́ wọlé, ipò wúrà díẹ̀ ló máa ń gbà, kò ní da ilé rú. Bó bá wá pọ̀ tó mẹ́kúrì kan sí wúrà mẹ́ta, títò náà á yí padà: ìpele kẹta ni yóò ti máa dúró ṣánṣán lókè ìpele kìn-ín-ní. Ọsàn yẹn náà ni, òkìtì ló yàtọ̀. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró mì, tó mú kí wúrà pọ́n lójú wa, kò sí ní ipò wọn mọ́, ni òrùka bá funfun. Ìdí tí ọṣẹ kò fi ràn án nìyẹn. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ òrùka rẹ tí kànìnkànìn lè ṣí. Òrùka náà fúnra rẹ̀ ló ti di nǹkan mìíràn lójú.

Bọ́ ọ lọ́wọ́. Fi sínú ìgò tó ní ìdérí, má fi há àpótí aṣọ. Bí oníwúrà bá máa tún un ṣe, sọ fún un kó tó fọwọ́ kàn án pé mẹ́kúrì ló wọ̀ ọ́. Mẹ́kúrì ń hó ní dígírì 357, iná oníwúrà sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Bó bá fi iná sí i nínú ṣọ́ọ̀bù láìmọ̀, oru tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, ni yóò máa fà símú. Ní ti èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ wọ́ọ̀dù, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi páálí rọra kó o sínú ìgò, ẹ má fi ọwọ̀ gbá a, torí ọwọ̀ á kàn tú u ká ni. Ìyẹ̀fun imí-ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọ́n sí èyí tó há sójú ìlà táìsì á dì í mú.

N kò lè bá ọ wí jù. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti kọ́ni, inú ìgò ìpara àtijọ́ ni mẹ́kúrì wa wà. Mo máa ń da ìwọ̀n orí ìka kan sí àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n lè mọ bó ṣe wúwo tó, a sì jọ máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ti ń yí gbiri. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ó ń dùn mí títí di òní.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé kò sí irin tí mẹ́kúrì kò lè jẹ. Wẹ́dà ni mí ní Láfẹ́nwá, ó ti lé lógún ọdún. Kí ni wọ́n wá fi ń gbé mẹ́kúrì láti ìlú dé ìlú?

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ gbá mi mú. Irin gidi, irin dúdú tẹ́ ẹ ń jó lójoojúmọ́, ni wọ́n fi ń gbé e: ìgò irin, tí ìwọ̀n mẹ́kúrì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 34 ààbọ̀. Mẹ́kúrì àti irin dúdú kì í bára wọn da nǹkan pọ̀. Mo tọrọ àforíjì.

Èyí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni alumíníọ̀mù. Awọ tín-ín-rín kan ló ń bo alumíníọ̀mù, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti omi bà á jẹ́. Bí ẹ bá ha awọ náà díẹ̀ tí mẹ́kúrì kán síbẹ̀, awọ kò ní lè san mọ́. Irun funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù jáde lára rẹ̀ lójú yín báyìí, bí èébú tó hù lórí búrẹ́dì, irin náà á sì máa jẹrà lọ. Alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù lára ọkọ̀ òfurufú, ẹ ti mọ ìdí tí wọn kì í fi í fi ojú rere wo mẹ́kúrì nínú ẹrù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, mà. Mò ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi nínú kẹ́mísírì ní Àlàbàtà. Mo po fàdákà, mẹ́kúrì àti áyódíìnì pọ̀, Ag₂HgI₄, mo rí ìyẹ̀fun yẹ́lò. Tí mo bá ki ìgò rẹ̀ bọ omi gbígbóná, á di aláwọ̀ ọsàn. Tó bá tutù, á tún di yẹ́lò. Mo lè fi Gẹ̀ẹ́sì ka ìdí rẹ̀ sétí ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní bí mi ò bá lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá àgbà mi, mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbà mí.

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá rẹ gbọ́n o. Bá mi kí i.

Ilé ìdáná ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n rántí ààrò mẹ́ta pẹ̀lú ìkòkò lórí rẹ̀. Òkúta mẹ́ta nísàlẹ̀, ìdí ìkòkò kan lókè, àlàfo kékeré tí iná ń jó sì wà láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú ìyẹ̀fun rẹ, áyódíìnì ni òkúta, áyódíìnì náà ni ìkòkò. Wọ́n tóbi, wọ́n sì to ara wọn bí ọsàn Kútọ̀ tí mo sọ lókè yẹn. Àlàfo àárín wọn ni fàdákà àti mẹ́kúrì ń gbé, ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín áyódíìnì mẹ́rin.

Wàyí o, mú ìyá àgbà kúrò ní ilé ìdáná lọ sí Ìtòkú. Ká ní ìsọ̀ mẹ́rin wà ní ìlà kan, àwọn mẹ́ta ló ń tajà níbẹ̀: Ìyá Mẹ́kúrì kan, àwọn ìyàwó Fàdákà méjì. Ìsọ̀ kẹrin ṣófo. Ní àárọ̀ tí ara tutù, oníkálukú jókòó sí ìsọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rìn dé ìlà kejì, ìlà kẹta, ìlà ẹgbẹ̀rún, bákan náà lẹ ó bá wọn: Mẹ́kúrì níhìn-ín, Fàdákà lọ́hùn-ún, ìsọ̀ kan náà ló ń ṣófo. Yẹ́lò nìyẹn. Nítorí pé àwọn ìsọ̀ kò rí bákan náà, kírísítà náà, ìyẹn gbogbo ọjà tó tò lẹ́sẹẹsẹ yẹn, gùn díẹ̀ sí apá kan ju àwọn apá yòókù lọ.

Nígbà tí ooru bá wọ nǹkan bíi dígírì 50, ọjà tú. Kò sẹ́ni tó sá lọ ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ìsọ̀ mọ́. Fàdákà fò sí ìsọ̀ tó ṣófo, ẹlòmíràn gba ibi tó fi sílẹ̀, òfìfo ń rìn kiri ọjà. Bí o bá ya fọ́tò ìlà kọ̀ọ̀kan, kò ní jọ ara wọn; bí o bá kó gbogbo fọ́tò náà lé ara wọn, ìsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á rí bákan náà gẹ́lẹ́, kírísítà á sì di igun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba lápá gbogbo. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì á yí padà, àwọ̀ ọsàn á dé. Ketelaar, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló fi ìtànṣán X yẹ̀ ẹ́ wò láàárín àwọn ọdún 1930.

Èyí tí mo fẹ́ kó o tẹ̀ mọ́ ọn létí ni fífò yẹn. Fàdákà tó ń ti ìsọ̀ bọ́ sí ìsọ̀, iná mànàmáná ló gbé lọ́wọ́. So wáyà méjì mọ́ ìyẹ̀fun náà nígbà tó tutù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò jẹ́ kó kọjá. Ki ìgò rẹ̀ bọ omi gbígbóná, kó o wá wo mítà bó ṣe máa fò sókè. Kò yọ́, kò di omi, ó le síbẹ̀, fàdákà sì ń ṣàn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ní bàbà nílé iṣẹ́ yín, fi rọ́pò fàdákà, Cu₂HgI₄: pupa ni ìyẹn, ó ń di dúdú bí kọfí nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé dígírì 70.

Nígbà tí mo wà bíi tìrẹ, ní 1984, kì í ṣe yẹ́lò ni wọ́n fún mi ṣe, aró ni. Jẹ́ kí n sọ ọ́, torí n kì í rí ẹni sọ ọ́ fún. A ní omi kòbáltì nínú bíkà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìtànná. A da omi mẹ́kúrì tayosáyánéètì sí i, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá wa gba ọ̀pá gíláàsì lọ́wọ́ mi, ó fi ha ìdí bíkà lẹ́ẹ̀mejì, kẹrẹ, kẹrẹ. Láti ojú ibi tó ha ni àwọ̀ aró ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, ó rọ̀ títí omi pupa náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lásán.

Mo gbé díẹ̀ nínú ìgò kékeré wálé fún ìyá mi. Aláró ni wọ́n, wọ́n ti ń re aṣọ ní Ìtòkú kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n gbé ìgò náà sókè sí oòrùn, wọ́n yí i sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rì í?" Mo ní a kò rì í rárá. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń purọ́. Wọ́n fẹ́ ṣí ìdérí kí wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò, bí wọ́n ti máa ń tọ́ omi aró wò láti mọ̀ bó ti pọ́n, mo pariwo, mo já a gbà. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èsì tí n kò lè fún wọn nígbà yẹn nìyí. Tayosáyánéètì ní orí méjì, imí-ọjọ́ lápá kan, náítírójìn lápá kejì. Mẹ́kúrì tóbi, ó rọ̀, imí-ọjọ́ ló ń wù ú. Kòbáltì kéré, ó le ju mẹ́kúrì lọ, náítírójìn ló ń wá. Ralph Pearson, ọmọ Amẹ́ríkà, ló fi orúkọ sọ ìwà méjèèjì ní 1963: líle ń wá líle, rírọ̀ ń wá rírọ̀. Bí a bá wá dà wọ́n pọ̀, mẹ́kúrì di orí mẹ́rin tó jẹ́ imí-ọjọ́ mú, kòbáltì di orí mẹ́rin tó jẹ́ náítírójìn mú, okùn kan náà so wọ́n pọ̀ lọ síwá lọ sẹ́yìn nínú gbogbo kírísítà. Nínú omi, mólékù omi mẹ́fà ló yí kòbáltì ká, pupa rẹ́súrẹ́sú sì ni. Láàárín aládùúgbò mẹ́rin, aró ni. Kòbáltì yẹn náà ni o. Mẹ́kúrì ló bá a wá ilé mìíràn. Agbára òòfà kírísítà yìí dúró sójú kan débi pé òun ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe òṣùwọ̀n fún ìwọ̀n òòfà àwọn nǹkan mìíràn. Ohun tá a ṣe é fún nìyẹn lọ́jọ́ náà.

Bí wọ́n bá bi ọ́ nínú ìdánwò àfẹnuṣe pé kí ni gbogbo èyí wúlò fún, fi 1911 àti 1993 dá wọn lóhùn. Ní 1911, Kamerlingh Onnes ní Leiden mú mẹ́kúrì tutù dé nǹkan bíi 4 Kelvin (bíi dígírì 269 sísàlẹ̀ òdo), iná mànàmáná sì ń ṣàn nínú rẹ̀ láìsí ìdíwọ́ kankan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí aráyé rí irú rẹ̀. Ní 1993, àwọn onímọ̀ ní Zürich rí i pé àpòpọ̀ mẹ́kúrì, báríọ̀mù, kálísíọ̀mù, bàbà àti ọ́síjìn ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi 133 Kelvin (bíi dígírì 140 sísàlẹ̀ òdo), iye tí kò sí ohun tó tíì dé e nígbà náà. Inú ìpele bàbà àti ọ́síjìn ni iná ti ń ṣàn. Àárín àwọn ìpele náà ni mẹ́kúrì dúró sí, ọ́síjìn kan lókè, ọ́síjìn kan nísàlẹ̀, bí òpó tó gbé àjà dúró. Ìdúró tó fẹ́ràn jù nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá àgbà mi fi ẹ̀rọ ìránṣọ Singer àtijọ́ sílẹ̀ fún mi. Ọkùnrin kan wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Pánsẹ́kẹ̀, ó ní mẹ́kúrì pupa wà nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe bọ́ǹbù, owó rẹ̀ á kọ́ ilé. Ó ní kí n kọ́kọ́ san owó àyẹ̀wò. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Má san kọ́bọ̀.

Irin àti epo ló wà nínú ẹ̀rọ ìránṣọ. Irọ́ yìí ti rìn jìnnà: ní 2009, ó tàn ká Saudi Arabia, àwọn ènìyàn ń fi owó gọbọi ra Singer àlòkù kiri, wọ́n ń gbé tẹlifóònù sún mọ́ abẹ́rẹ́ láti fi wá mẹ́kúrì pupa. Kò sẹ́ni tó rí i, torí kò sí níbẹ̀.

Àwọn àpòpọ̀ mẹ́kúrì tó pupa wà lóòótọ́, kò sì sí àdììtú nínú wọn. Mẹ́kúrì pẹ̀lú imí-ọjọ́ ni èyí tó gbajúmọ̀ jù. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, òun náà ni àwọn ayàwòrán àtijọ́ ń lọ̀ fi kun nǹkan. Nínú rẹ̀, mẹ́kúrì kan di imí-ọjọ́ méjì mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì lọ́ lọ bí irun tí wọ́n fi òwú dì. Bí o bá to átọ́ọ̀mù kan náà lọ́nà mìíràn, tí mẹ́kúrì kọ̀ọ̀kan wá ní imí-ọjọ́ mẹ́rin, dúdú ni yóò jẹ́. Kò sí ohun tó kúrò, kò sí ohun tó wọlé, ìjókòó nìkan ló yí. Mẹ́kúrì pẹ̀lú áyódíìnì náà pupa fòò.

Èyí tí àwọn onígbàjúẹ̀ máa ń kọ sórí ìwé wọn ni Hg₂Sb₂O₇, mẹ́kúrì àti áńtímónì nínú ọ́síjìn. Àpòpọ̀ gidi ni. Láti 1968 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti kọ bí kírísítà rẹ̀ ṣe rí sílẹ̀. Irú títò yẹn wọ́pọ̀ lára àwọn òkúta, kò sì sí bọ́ǹbù kankan nínú rẹ̀: kò bú gbàmù, kì í tàn lókùnkùn, kò lè lé òyìnbó wá sí Pánsẹ́kẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe tìróò ní áńtímónì, ẹ rọra o. Òjé ló pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ má fi sójú ọmọ.)

Epo ni kó o ra fún ẹ̀rọ ìyá àgbà. Bí okùn rẹ̀ bá ti já, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ á bá ọ tún un ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, aya wa, ẹni ọdún 71 ni mí, Ìbarà ni ilé mi. Wọ́n dí eyín méjì fún mi láti 1979, ọmọ mi tó wà lókè òkun sì ní mẹ́kúrì ni, kí n lọ yọ ọ́ kíákíá. Kò dùn mí o.

ÌDÁHÙN: Bàbá, mo kí yín. Òótọ́ ni ọmọ sọ, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ohun tí wọ́n fi dí i ni mẹ́kúrì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́kúrì tó ń ṣàn ló wà lẹ́nu yín. Ìyẹ̀fun fàdákà àti tánńganran ni dókítà pò mọ́ ọn. Láàárín wákàtí díẹ̀, mẹ́kúrì ti bá fàdákà di kírísítà kan, ó bá tánńganran di òmíràn, gbogbo rẹ̀ sì gan. Èyí tó bá tánńganran dì ni kò lágbára, òun ló ń dípẹtà. Láti 1963 ni wọ́n ti mọ̀ pé bí bàbà bá pọ̀ nínú ìyẹ̀fun náà, bàbà á gba tánńganran mọ́ mẹ́kúrì lọ́wọ́, ọ̀lẹ inú wọn kò sì ní wáyé.

Oru díẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ tí ẹ bá ń jẹun, ṣùgbọ́n èyí tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ kúrò ló pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi sọ ní 2020 pé kí ẹni tí ohun tí wọ́n fi dí eyín rẹ̀ bá ṣì le má yọ ọ́, àyàfi tí dókítà bá rí ìdí pàtàkì. Ẹ lọ fi han dókítà eyín lẹ́ẹ̀kan kó wo etí rẹ̀ bóyá ó ti sán. Bí kò bá sán, ẹ fi í síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó ti sán, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì máa rún ẹran títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ọpẹ́ ni pé Ẹ̀gbá ni yín, láfún kì í béèrè eyín.